Láti Sydney dé Hobart lórí ìgbòkun: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí lọ́dọọdún

Bí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè nípa eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun láti Sydney dé Hobart á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sórí WhatsApp mi. Àwọn kan ń bi mí láti Èkó, àwọn kan láti Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà ní Peckham tó gbà pé orí mi ti dàrú. Ohun tó fà á ni pé Sydney ni mò ń gbé, mo sì máa ń bá àwọn kan wọ ọkọ̀ ìgbòkun nínú èbúté ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn bá ń mú. Ọkọ̀ yẹn ti gbéra lọ sí Hobart rí. Èmi ò bá wọn lọ, mi ò sì ní purọ́ pé mo bá wọn lọ. Àmọ́ mo ti jókòó ti àwọn tó lọ, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn ní àgbọ́túngbọ́, débi pé nígbà míì ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni omi náà gbá lójú. Mo kó ìbéèrè yín jọ síbí kí n lè fi fóònù sílẹ̀ jẹun.

Kí ni ìdíje yìí gan-an?

Eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun lórí òkun ni. Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà, wọ́n á yin àgbá nínú èbúté Sydney. Àwọn ọkọ̀ á gba àárín òkè méjì tó ṣọ́ ẹnu èbúté náà jáde sójú òkun, wọ́n á yà sí gúúsù, ó di Hobart, olú ìlú erékùṣù Tasmania. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀ ni Cruising Yacht Club of Australia, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Tasmania.

Ọ̀nà náà jẹ́ 628 máìlì ojú òkun. Máìlì ojú òkun gùn ju ti orí ilẹ̀ lọ, mítà 1,852 ni ọ̀kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí 1,163 kìlómítà. Ẹ rò ó bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Kánò, láìsí títì, láìsí ibi tí a ti ń yà ra búrẹ́dì lọ́nà.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ọdún 1945 ni, ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Peter Luke àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbèrò láti rọra tukọ̀ lọ sí Hobart fún ìsinmi Kérésìmesì. Wọ́n ní kí John Illingworth, ọ̀gágun ojú omi Bìrìtéènì kan tó wà ní Sydney nígbà náà, bá àwọn lọ. Òun ló ní, ẹ ò ṣe jẹ́ ká sọ ọ́ di eré ìje? Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló gbéra.

Ìjì dé bá wọn lọ́nà. Àwọn kan sá wọ ibi tí atẹ́gùn ò ti le. Ọkọ̀ Illingworth, Rani, kò yà síbì kankan. Wọn ò rí i mọ́, wọn ò gbúròó rẹ̀, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òkun ti gbé e mì. Ìgbà tó yá ni wọ́n ṣàdédé rí i nítòsí Tasmania, ó wà níwájú gbogbo wọn. Òun ló kọ́kọ́ dé, òun náà ló gba ife ẹ̀yẹ, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà àti wákàtí mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀.

Ìtàn yẹn dùn, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Èmi a máa rántí pé àwọn tó sá pamọ́ náà padà délé láàyè.

Ṣé wọn kì í tan ẹ́ńjìnnì ni?

Ẹ́ńjìnnì wà nínú ọkọ̀, òfin ìdíje gan-an ló ní kó wà. Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n fi sáré. Wọ́n lè tàn án láti fi gba iná sínú bátìrì tàbí láti fi fa omi dànù, bí ẹnì kan bá sì já sómi, wọ́n lè fi yí padà lọ gbé e. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn ló kù.

Ohun tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni bí ọkọ̀ ìgbòkun ṣe ń kojú atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti iwájú. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun tí àwọn bàbá wa ń tù lórí ọ̀sà máa ń dúró de atẹ́gùn ẹ̀yìn. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí wọn, a jẹ́ pé ó di ọwọ́ àjẹ̀ àti ọ̀pá. Ọkọ̀ òde òní ní irin wíwúwo kan lábẹ́ tí kì í jẹ́ kó dojú dé wẹ́rẹ́, wọ́n sì rán ìgbòkun rẹ̀ bí apá ẹyẹ. Kò lè kọrí tààrà sínú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ó lè fẹ̀gbẹ́ kan gbá a lọ, kó tún yí fẹ̀gbẹ́ kejì gbá a, wọ́rọ́kọ-wọ́rọ́kọ, bí ẹni tó mutí yó ṣe ń gun òkè Mápó. Ó ń pẹ́, àmọ́ ó ń débẹ̀.

Èló ni ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ń gbà?

Kọ́bọ̀ kan kò sí níbẹ̀. Ife ẹ̀yẹ ni.

Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham ní òun ò lè gbà pé èèyàn ń náwó rẹpẹtẹ sórí ọkọ̀, kó tún lọ máa bì nínú òkun lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dárúkọ ẹni méjì tó gbẹgbá orókè lọ́dún kan náà?

Ẹni àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gba ojú ìlà kọjá ní Hobart. Àwọn àgbà ọkọ̀ tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà ló sábà máa ń gba tiwọn níbẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Wild Oats XI ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Èyí tó yára jù lọ títí di báyìí ni Comanche ní 2017: ọjọ́ kan, wákàtí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlélógún. Ẹjọ́ sì wà nínú ìyẹn. Wild Oats XI ló kọ́kọ́ dé lọ́dún náà, àmọ́ ó ti fẹ́ gba iwájú Comanche lọ́nà àìtọ́ nínú èbúté Sydney lẹ́yìn tí àgbá dún, ni àwọn adájọ́ eré bá fi wákàtí kan kún àkókò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ní Sydney ló gba ife lọ́wọ́ wọn ní Hobart. Ní 2023, LawConnect fi ìṣẹ́jú àáyá 51 ṣáájú Comanche. Ní 1982, Condor of Bermuda fi ìṣẹ́jú àáyá méje péré na Apollo.

Ẹni kejì ni ẹni tó gba Tattersall Cup, èyí tí àwọn atukọ̀ fúnra wọn kà sí ògidì. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣírò látara bó ṣe gùn tó, bó ṣe wúwo tó àti bí ìgbòkun rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á fi nọ́ńbà náà sọ àkókò tó lò di púpọ̀. Ká sọ pé nọ́ńbà ọkọ̀ kékeré kan jẹ́ 1, ó sì lo 80 wákàtí: 80 náà ló gbà. Ká sọ pé nọ́ńbà ọkọ̀ ńlá jẹ́ 2, ó lo 42 wákàtí: ó di 84. Ọkọ̀ kékeré ló jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí kò ju bọ́ọ̀sì mólúè lọ fi lè gba ife náà lọ́wọ́ ọkọ̀ olówó tó ti dé lánàá, tó ti wẹ̀, tó ti sùn.

Wọ́n ní Bass Strait ló burú jù. Kí ló ṣe é?

Omi tó ya Tasmania kúrò lára ilẹ̀ Ọsirélíà ni Bass Strait. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jìn, bíi 60 mítà ni ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ òkun tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ jìn ju 4,000 mítà lọ. Ìgbì tó ti ń yí bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn rọra máa ń nà gbalaja lórí omi jíjìn. Bó bá dé ibi tí ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, á dìde dúró.

Ẹ wá fi ìṣàn omi kún un. Odò kan wà nínú òkun, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ṣàn lọ sí gúúsù lẹ́bàá etíkun Ọsirélíà. Gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ ló ń wá a, torí ọkọ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ ti rí ẹni tì í lẹ́yìn. Àmọ́ ìlú yìí ní atẹ́gùn kan tí í ṣàdédé yí padà, tí á wá láti gúúsù, tútù, pẹ̀lú ìbínú. Bí atẹ́gùn gúúsù bá pàdé omi tó ń ṣàn lọ sí gúúsù, àwọn méjèèjì á dojú kọ ara wọn, ìgbì á dúró ṣánṣán bí ògiri. Ọkọ̀ á gùn ún dé orí, kò sì ní sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Á já lulẹ̀ gbì! Ẹnì kan nínú àwọn tèmi sọ pé inú ọkọ̀ lòun wà lórí ibùsùn nígbà tó já, òun rò pé ọkọ̀ mìíràn ló kọlù wọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sùn? Báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun?

Wọn kì í sùn, wọ́n máa ń ṣubú lulẹ̀ ni. Wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ekejì á wọlé. Bẹ́ẹ̀dì kò tó iye èèyàn, torí náà bí ẹnì kan ṣe ń dìde lẹlòmíì ń bọ́ síbi tó ti dìde, pẹ̀lú aṣọ tútù, pẹ̀lú bàtà nígbà míì. Nínú ọkọ̀ kékeré, ẹni tí iṣẹ́ kò kàn á jókòó sétí ọkọ̀ lápá òkè, á fi ẹsẹ̀ rọ̀ síta, kí ìwúwo rẹ̀ má jẹ́ kí ọkọ̀ dagun jù. Omi á máa gbá a láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹlòmíì a máa sùn lórí ìjókòó báyẹn.

Àwọn tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń gbé oúnjẹ gidi, àwọn tó fẹ́ ife ń gbé oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá, torí gbogbo kílò ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á fi ṣíbí kan náà jẹ ẹ́. Sítóòfù wà lórí irin tó ń fì bí ọkọ̀ ṣe ń fì, kí ìkòkò má bàa dà sára ẹni. Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má bi mí.

Èébì ńkọ́? Ẹni tó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ṣì máa ń bì. Kì í ṣe ohun ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni ẹni tí omi kò dúró nínú rẹ̀ mọ́, torí onítọ̀hún á kọ́kọ́ dákẹ́, òtútù á wá mú un, kò sì ní mọ̀ pé òtútù ti mú òun. Ìgbà ooru ni Disẹ́ńbà ní Ọsirélíà o, àmọ́ yìnyín máa ń já bọ́ sórí òkè tó wà lẹ́yìn Hobart nígbà ooru náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1998?

Ọkọ̀ 115 ló gbéra, 44 ló dé. Èèyàn mẹ́fà kú. Ọkọ̀ márùn-ún rì. Èèyàn 55 ni wọ́n fi hẹlikọ́pítà àti ọkọ̀ ojú omi yọ nínú òkun.

Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti kìlọ̀ ṣáájú pé atẹ́gùn líle ń bọ̀. Àmọ́ ìkìlọ̀ pé ìjì ńlá ni, ẹ̀yìn tí àgbá ti dún, tí wọ́n ti wà lójú òkun, ló jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 27, atẹ́gùn kọjá 130 kìlómítà ní wákàtí kan nínú Bass Strait, ìgbì sì ga bí ilé alájà márùn-ún, mẹ́fà. Winston Churchill, ọkọ̀ pákó tó ti wà nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní 1945, rì. Àwọn mẹ́sàn-án tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà ìgbàlà méjì. Ìgbì yí ọ̀kan po lóru, mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún tó wà níbẹ̀ sì bá omi lọ. Èèyàn méjì kú nínú Business Post Naiad. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ọmọ Amẹ́ríkà kan bọ́ kúrò lára okùn tó dè é mọ́ ọkọ̀, ó wà nínú omi fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí hẹlikọ́pítà àwọn ọlọ́pàá Victoria tó rí i gbé.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Sword of Orion. Àwọn ló gbé rédíò, tí wọ́n sọ fún gbogbo ọkọ̀ yòókù pé atẹ́gùn ibi táwọn wà ti kọjá ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan gbọ́, wọ́n sì yí padà. Sword of Orion náà yí padà. Ojú ọ̀nà àbọ̀ ni ìgbì ti yí ọkọ̀ náà po, okùn tó de Glyn Charles mọ́ ọkọ̀ já, ó sì lọ. Atukọ̀ Olympic ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ kékeré ló gba ife lọ́dún náà?

Òótọ́ ni. AFR Midnight Rambler, ẹsẹ̀ bàtà 35, èèyàn méje nínú rẹ̀, Ed Psaltis ni ọ̀gá wọn. Sayonara, ọkọ̀ Larry Ellison tó ni ilé iṣẹ́ Oracle, ló kọ́kọ́ dé Hobart, àmọ́ Tattersall Cup bọ́ sọ́wọ́ àwọn méje yìí.

Ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀ ni pé wọn ò padà. Kì í ṣe pé wọ́n láyà ju àwọn yòókù. Wọ́n rò ó pé bí àwọn bá yí padà sí Eden, ìlú èbúté tó wà lẹ́yìn wọn, ìgbì á máa bá àwọn láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ kékeré ti ń yí po. Wọ́n yàn láti máa fi imú ọkọ̀ gba ìgbì náà ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà nídìí ìtọ́kọ̀ ò gbọ́dọ̀ mójú kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ fi èyí wé ti Sword of Orion. Ẹni tó padà ló bá ikú pàdé, ẹni tó lọ ló gba ife. Lọ́jọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ míì padà sí Eden, tí wọ́n mu tíì. Kò sí òfin tó lè ṣe ìpinnu yẹn fún èèyàn, ìwé òfin eré ìje gan-an sì sọ ọ́ gbangba: ìpinnu láti gbéra tàbí láti máa lọ, ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tó ṣètò rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀?

Adájọ́ tó ń wádìí ikú jókòó lé e, ó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2000. Ẹni tó bá máa lọ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18 báyìí. Ó kéré tán, ìdajì àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ààbò lójú òkun: wọ́n á fo sínú omi tàwọn ti aṣọ, wọ́n á gun ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń dójú rẹ̀ sókè padà. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ náà yí padà. Títí dòní, ìkìlọ̀ ojú òkun Ọsirélíà ń sọ pé atẹ́gùn lè ṣàdédé fẹ́ ju iye tí wọ́n kọ lọ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ìgbì tó ga jù lè tó ìlọ́po méjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Green Cape. Kí ọkọ̀ tó wọ Bass Strait, tó bá dé ọ̀gangan òkè Green Cape, ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé rédíò kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé rédíò òun ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ìgbàlà wà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ara àwọn èèyàn òun le, òun sì ti wo ojú ọjọ́, òun ń lọ. Ó dà bí ìbéèrè tí àlùfáà ń bi ọkọ ìyàwó. Gbogbo ayé ń gbọ́.

Ṣé ewu ti tán? Rárá. Ní 2024, èèyàn méjì kú nínú ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn ò sì já sínú omi. Okùn àti ọ̀pá tó di ìgbòkun ńlá mú, tó bá ṣẹ́rí lójijì nínú atẹ́gùn, agbára rẹ̀ ò kéré.

Ọkọ̀ tìẹ ńkọ́? A gbọ́ pé wọ́n sá padà.

Èyí ni ẹ ń bi mí jù, ẹ sì máa ń fi ẹ̀rín kún un. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ọkọ̀ wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo wọn ń pè é lórúkọ, ẹnu tèmi ò gbà á. “Sà” ni mò ń pè é títí dòní, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mẹ́jọ ló lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dára, atẹ́gùn ń ti ẹ̀yìn wá, wọ́n ta ìgbòkun aláràbarà tó máa ń wú bí ikùn aboyún, wọ́n ń fi fótò ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tó di alẹ́ kejì, atẹ́gùn yí sí gúúsù. Láàárín wákàtí kan wọ́n ti dín ìgbòkun ńlá kù lẹ́ẹ̀mẹta. Ní nǹkan bí aago méjì òru ó ya. Obìnrin kan tó ń gun àkàbà bọ̀ látinú ọkọ̀, ìgbì gbé e, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá tábìlì, egungun ìhà rẹ̀ sán. Àwọn mẹ́ta ń bì, ọ̀kan nínú wọn ti dákẹ́.

Sà wọlé, ó tan tọ́ọ̀ṣì pupa, ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ohun tó bi wọ́n ni pé, “Ṣé o lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá sí i?” Ẹni mẹ́rin ní àwọn lè ṣe é. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn, ó di márùn-ún, ó padà kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀gangan Green Cape, ó gbé rédíò, ó ní àwọn ò kọjá, Eden làwọn ń lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó ti sọ fún gbogbo ará ilé rẹ̀.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, atẹ́gùn ti rọ̀. Wọ́n jókòó ní Eden, wọ́n ń jẹ ẹja díndín, wọ́n ń wo àmì àwọn ọkọ̀ yòókù lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń rọra sọdá Bass Strait bí ẹni ń sọdá ọ̀sà. Mo bi Sà bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ìpinnu tóun ṣe ní aago mẹ́ta òru, ohun tóun mọ̀ ní aago mẹ́ta òru lòun fi ṣe é.

Àwọn tó bí wa sọ pé òkun kì í hó ruuruu ká wà á ruuruu. Mo sọ ọ́ fún un, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé fún òun. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò nínú ọkọ̀.

Ṣé àwọn obìnrin ń lọ?

Láti 1946, ìyẹn ọdún kejì tí ìdíje náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, ọkọ̀ Barbarian lọ pẹ̀lú obìnrin nìkan nínú rẹ̀. Ní 2018, Stacey Jackson kó àwọn obìnrin nìkan sínú Wild Oats X, wọ́n sì ṣe ipò kejì nínú gbogbo àwọn tó ń du Tattersall Cup.

Mo wà ní Èkó, mo fẹ́ kọ́ ọ. Níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?

Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré tó lè dà yín sómi lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ odò wíwẹ̀ ná. Ọmọ Èkó tí kò mọ odò wẹ̀ pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ, èmi náà wà lára wọn kí n tó dé ibí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti rí Hobart?

Ìyẹn gan-an ni ìyọnu mìíràn. Wọ́n á yí Tasman Island po, àpáta rẹ̀ ga, ó dúdú, ó dúró bí ọwọ̀n. Nǹkan bí 40 máìlì ló kù. Wọ́n á la Storm Bay kọjá, wọ́n á wọ odò Derwent, bó bá sì jẹ́ òru ni, odò náà lè pa atẹ́gùn mọ́ wọn lórí. Ọkọ̀ tó ti ja ìjà ọjọ́ mẹ́ta lè dúró gangan síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, iná ìlú ń tàn lójú wọn, ìgbòkun rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pẹ̀lú atẹ́gùn tiẹ̀. Ife ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá dé, Constitution Dock ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, láàárín ìlú. Kò sí aago tí wọ́n lè dé tí ẹnì kan ò ní sí níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó bínú sí Sà tún lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n sì dé. Aago mẹ́rin ìdájí ni. Ó ní àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá kan dúró létí omi, wọ́n di aṣọ òtútù mọ́ra, wọn ò mọ àwọn rí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ní òun bọ́ sórí ilẹ̀, ilẹ̀ ń fì.